Adágún Ẹlẹ́yẹlé àti Ilẹ̀ tí Ó Ń Bọ́ Ọ

Àsọyé fún àwọn tí ń péjọ sí yàrá ìkàwé ní abúlé àti ìletò



Àwọn àgbà a máa wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ó kan odò fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Omi tí ènìyàn ń bù mu ní ìsàlẹ̀ ti rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé ibẹ̀. Ó ti gba inú oko kọjá, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó ti fọ ojú ọ̀nà, ó sì ti kó ohun gbogbo tí ó bá lójú ọ̀nà mọ́ra. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí adágún kan yóò ti rí ní ogún ọdún sí i, kí ó má ṣe wo ojú omi nìkan. Kí ó gbé ojú sókè, kí ó wo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ inú adágún náà. Ilẹ̀ ni ó ń bọ́ adágún. Ilẹ̀ náà ni ó sì lè pa á.

Adágún Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àsọyé yìí, nítorí pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ odò àti adágún ní ilẹ̀ Yorùbá.

BÍ ADÁGÚN NÁÀ TI ṢE DÉ IBẸ̀

Ẹlẹ́yẹlé kì í ṣe adágún tí ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é. Kí omi ẹ̀rọ tó dé, odò, kànga àti omi òjò ni àwọn ará Ìbàdàn gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ìlú náà ti ń gbòòrò sí i, omi wọ̀nyí kò tó mọ́, ìdọ̀tí sì ń wọ inú wọn lójoojúmọ́. Ní àkókò ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, a mọ dáàmù dábùú odò Ọ̀nà, iṣẹ́ náà sì parí ní ọdún 1942. Odò náà kún sẹ́yìn dáàmù, ó sì di adágún tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 150. Ìdí tí a fi ṣe é ni pé kí ilé-iṣẹ́ omi lè máa fa omi níbẹ̀, kí ó máa sẹ́ ẹ, kí ó máa pa kòkòrò inú rẹ̀, kí ó sì máa rán an gba inú páìpù lọ sí ìgboro.

Hẹ́kítà kan tóbi díẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ. Ẹni tí ó bá dúró lórí dáàmù náà yóò rò pé omi tí òun ń wò pọ̀ jọjọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wá sínú adágún náà pọ̀ jù ú lọ jìnnà, nítorí ó ju hẹ́kítà 30,000 lọ. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, hẹ́kítà omi kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí hẹ́kítà ilẹ̀ 200 lẹ́yìn tí ó ń bọ́ ọ. Ẹni tí ó kọ́lé sí ìhà Àpẹ́tẹ̀, tàbí àgbẹ̀ tí ó ń ro oko sí ẹ̀bá ìṣàn kékeré kan tí kò tilẹ̀ ní orúkọ, lè má fi ojú kan adágún náà láti ọdún dé ọdún. Síbẹ̀, ohun tí ó bá dà sílẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀ lónìí, òjò yóò bá a gbé e débẹ̀.

IṢẸ́ TÍ IGBÓ Ń ṢE FÚN OMI

Nígbà tí òjò bá rọ̀ sí ibi tí igi wà, ewé ni ó kọ́kọ́ gbà á, agbára ẹ̀kán òjò náà a sì rọlẹ̀. Ewé gbígbẹ tí ó tẹ́ sílẹ̀ a gbà á lẹ́ẹ̀kejì, a mu ún bí kànrìnkàn ti ń mu omi. Gbòǹgbò igi a la ọ̀nà fún un láti wọ inú ilẹ̀. Omi tí ó bá wọlé báyìí a máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ a sì máa sẹ́ ẹ bí asẹ́ ti ń sẹ́ ògì. Nígbà tí ó bá yá, a yọ sínú odò ní mímọ́ àti ní tútù. Ìdí nìyí tí odò inú igbó fi ń ṣàn nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí odò inú pápá ti gbẹ.

Bí a bá pa igbó náà run, ọ̀ràn yí padà. Òjò a máa na ilẹ̀ ní ìhòòhò. Ojú ilẹ̀ a dì, omi kò ní rí ibi wọ̀, a sì di àgbàrá. Àgbàrá náà kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ilẹ̀ ọlọ́ràá, èyí tí àgbẹ̀ ń fẹ́ fún iṣu àti àgbàdo rẹ̀, ni ó ń hó lọ. Nígbà tí ó bá dé inú adágún tí ìrìn omi ti dẹ̀, a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Lọ́dọọdún ni ẹrẹ̀ àti iyanrìn a máa ga sí i ní ìsàlẹ̀. Adágún náà lè fẹ̀ lójú bí ó ti fẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jìn mọ́. Ó dàbí ìkòkò tí iyanrìn ti kún dé ìdajì: ìkòkò náà kò kéré sí i, ṣùgbọ́n omi tí ó lè gbà ti dín. Báyìí ni òjò kan ṣoṣo ṣe ń fa àdánù méjì: àgbẹ̀ pàdánù ilẹ̀ rẹ̀, ará ìlú sì pàdánù omi rẹ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe ya igbó kan sọ́tọ̀ yí adágún Ẹlẹ́yẹlé ká, tí a sì gbin igi sí i. Tíìkì àti mẹ̀lánà wà lára wọn. Ṣùgbọ́n bí Ìbàdàn ti ń fẹ̀ sí i, púpọ̀ nínú igi wọ̀nyí ni a ti gé lulẹ̀. Ilé ti gba ipò àwọn kan, oko ti gba ipò àwọn mìíràn, àwọn alákùrọ̀ sì ń gbin ẹ̀fọ́ dé etí omi gan-an. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dìde láti ba omi jẹ́. Ibi tí yóò gbé àti ohun tí yóò jẹ ni olúkúlùkù ń wá. Síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ tí olúkúlùkù gé ni ó di ìhòòhò gbogbo òkè.

OHUN TÍ Ó Ń BA INÚ OMI JẸ́

Ohun tí ó ń mú àgbàdo dàgbà lóko, òun kan náà ni ó ń mú ewéko hù nínú omi. Ìgbẹ́ ènìyàn àti ti ẹran, omi ọṣẹ, ajílẹ̀ tí òjò fọ̀ kúrò lóko: oúnjẹ ni gbogbo wọn jẹ́ fún ewéko inú adágún. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, àwọn ewéko tíntìntín tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan a máa bí sí i títí omi yóò fi ṣú bí ọbẹ̀ ewédú. Ní ọ̀sán wọ́n ń tú èémí sínú omi, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn náà ń fà á sínú. Nígbà tí wọ́n bá sì kú, tí wọ́n ń jẹrà, jíjẹrà wọn a tún gba èyí tí ó kù. Ní ìdájí, ẹja a wá sí ojú omi, a máa la ẹnu. Bí ilẹ̀ bá mọ́, apẹja a bá òkú ẹja tí ó léfòó, a sì rò pé ọ̀tá kan ni ó da oògùn sí odò. Ó lè jẹ́ pé gọ́tà ilé àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ojú oró àti òṣíbàtà ti wà lójú omi wa láti ayébáyé, abẹ́ wọn sì jẹ́ ibòji fún ọmọ ẹja. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1984, àlejò kan dé. Ewéko omi kan tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní water hyacinth, gba ojú omi láti ìhà ilẹ̀ Benin wọ Àgbádárìgì. Òdòdó rẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ burú. Níbi tí ẹ̀gbin bá ti pọ̀ nínú omi, kíákíá ni ó ń di púpọ̀, a sì so mọ́ ara rẹ̀ bí ẹní. Ó ti wà lójú adágún Ẹlẹ́yẹlé pẹ̀lú. Níbi tí ó bá bò, oòrùn kì í wọ inú omi, àwọ̀n kì í ṣeé dà, ọkọ̀ kì í ṣeé tù. Ó dára kí a fà á kúrò. Ṣùgbọ́n bí a bá fà á tí a kò sì dí ojú gọ́tà tí ó ń bọ́ ọ, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi bo ojú omi.

Májèlé tún wà nínú ọ̀ràn náà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó mọ Gamalin 20 dáadáa, oògùn tí a fi ń pa kòkòrò ara igi kòkó nígbà kan. Àwọn aláìnísùúrù gbé e kúrò lóko, wọ́n sì dà á sí odò láti fi kó ẹja. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pa epìyà àti àrọ̀ tí yóò tà ní ọ̀la, ṣùgbọ́n ó pa ọmọ ẹja, ó pa ẹyin ẹja, ó sì pa kòkòrò omi tí ẹja ń jẹ. Ẹni tí ó bá jẹ ẹja bẹ́ẹ̀ jẹ májèlé mọ́ ọn. Lindane ni orúkọ oògùn tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn Stockholm fi í sínú ìwé àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì nínú iṣẹ́ oko.

Gbogbo ìdọ̀tí yìí ní owó tí ó ń ná ìlú. Bí omi bá ṣe dàrú tó, bẹ́ẹ̀ ni álọ́ọ̀mù tí a ó fi mú un tòrò ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni iyanrìn asẹ́ ṣe ń tètè dí. Owó tí a kò ná sórí igi ní òkè, a ó ná ìlọ́po rẹ̀ sórí oògùn ní ìsàlẹ̀.

ÀGBÀRÁ ỌDÚN 2011

Àwọn baba wa ní, àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò kan rọ̀ ní Ìbàdàn tí ó ju 180 mìlímítà lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Afárá wó, afárá Àpẹ́tẹ̀ sì wà lára wọn. Ilé àti dúkìá lọ. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó tí ó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn, àtúnṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé sì jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà.

Òjò bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ènìyàn láti dá dúró. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà ní ìkáwọ́ wa: bí omi náà yóò ti sáré tó lórí ilẹ̀, bí ọ̀nà rẹ̀ yóò ti là tó, àti bí adágún yóò ti jìn tó láti gbà á. Òkè tí a ti pa igi rẹ̀ tán, gọ́tà tí ọ̀rá àti pàǹtírí ti dí, àti adágún tí ẹrẹ̀ ti kún, àwọn mẹ́ta yìí ni ó ń sọ òjò ńlá di àjálù.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ARA ODÒ Ọ̀ṢUN

Kì í ṣe odò Ọ̀nà nìkan ni Ìbàdàn ń mu. A mọ dáàmù sórí odò Ọ̀ṣun ní Ásẹ́jìrẹ́, a sì parí rẹ̀ ní ọdún 1972. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣàn wá, ó gba Òṣogbo kọjá, kí ó tó dé ibẹ̀.

Ní Òṣogbo, àwọn baba ńlá wa ti mọ ọ̀nà ìtọ́jú omi tipẹ́ kí ìwé òfin tó dé. Nínú igbó Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ni igi gígé, èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe, èèwọ̀ sì ni ẹja pípa. Igbó náà fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì fi í sínú àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005. Yálà ènìyàn jẹ́ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, Mùsùlùmí tàbí Kristẹni, kò lè ṣàì rí i pé èèwọ̀ náà pa igi mọ́, ó sì pa etí odò mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn awakùsà ń wa ilẹ̀ láti wá góòlù, wọ́n sì ń fọ ẹrẹ̀ rẹ̀ sínú àwọn ìṣàn tí ó ń wọ Ọ̀ṣun. Omi odò náà pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní ọdún 2022, bí ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun ti ń súnmọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má ṣe mu omi tí wọ́n ti ń mu láti ìran dé ìran. A kò gé igi igbó Ọ̀ṣun. Èèwọ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n hẹ́kítà 75 kò lè sẹ́ ìdọ̀tí tí ó ti òkè wá. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nìkan, tí òrùlé rẹ̀ sì ń jò, kò tíì sá fún òjò.

ADÁGÚN TÍ Ó BÀJẸ́ TÍ Ó SÌ SÀN

Àwọn kan yóò béèrè pé: ṣé adágún tí ó ti bàjẹ́ lè sàn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀bá ìlú Seattle, níbi tí adágún ńlá kan wà tí a ń pè ní Lake Washington. Àwọn ìlú tí ó yí i ká ń da omi ìdọ̀tí wọn sínú rẹ̀. Ní ọdún 1955, Ọ̀jọ̀gbọ́n W. T. Edmondson àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ibẹ̀ rí ewéko omi kan tí ó jẹ́ àmì pé adágún ti ń ṣàìsàn. Wọ́n ṣàlàyé fún ará ìlú pé bí omi ìdọ̀tí bá ń wọlé bẹ́ẹ̀, adágún náà yóò máa bàjẹ́ sí i. Bí a bá sì dá a dúró, yóò sàn.

Ọ̀ràn náà di ti ìbò. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, ìbò náà kò yọrí sí rere. Àwọn ènìyàn kò rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n tún dìbò ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé kí gbogbo ìlú wọ̀nyí parapọ̀ láti sanwó iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1963 títí di ọdún 1968 ni a fi ń darí omi ìdọ̀tí náà kúrò nínú adágún, lọ sí ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn mímọ́ omi náà rọrùn. Wọ́n ń fi okùn sọ àwo kan sínú omi, wọ́n sì ń wo ibi tí ojú kò ti ní rí i mọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1960, àwo náà ń pòórá ní nǹkan bí mítà kan nígbà tí ewéko bá pọ̀. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ojú ń rí i ní ibi tí ó jìn ju mítà mẹ́ta lọ. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n dà sínú adágún. Ohun tí ó ń pa á ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró; omi sì wo ara rẹ̀ sàn.

IṢẸ́ TI OLÚKÚLÙKÙ

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni kí ó kọ ebè rẹ̀ dábùú òkè, kì í ṣe kí ó kọ ọ́ tẹ̀lé ìdagẹ̀rẹ̀, nítorí poro tí ó tẹ̀lé ìdagẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀nà àgbàrá. Kí ó fi igi, ọparun àti koríko sílẹ̀ ní bèbè odò, kí ó má ṣe ro ibẹ̀ dé etí omi. Kí ó má sì da ajílẹ̀ nígbà tí òjò ńlá bá ṣú.

Iṣẹ́ apẹja ni kí ó kọ májèlé, kí ó lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó láti jẹ́ kí ọmọ ẹja lọ, kí ó sì dá koríko etí omi sí, nítorí ibẹ̀ ni ẹja ń yé sí.

Iṣẹ́ onílé ni kí ó gbẹ́ ṣáláńgá rẹ̀ jìnnà sí odò àti kànga, kí ó má sì sọ gọ́tà di ààtàn. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a bá onílé wí bí a kò bá fi ibi tí yóò kó pàǹtírí sí hàn án. Èyí jẹ́ iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn náà ni láti fi ààlà sí ilẹ̀ etí omi, kí wọ́n sì dúró lórí rẹ̀. Kí àwọn baálẹ̀ àti olórí ẹbí má ṣe ta bèbè odò fún ẹni tí yóò kọ́lé sí i. Owó rẹ̀ a tán, àgbàrá kò ní tán.

Àwọn olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé náà ní ipa tiwọn. Kí wọ́n mú àwo funfun kan àti okùn tí a ti sàmì sí, kí àgbàlagbà tí ó mọ ọkọ̀ tù gbé e sọ sínú omi ní oṣooṣù, kí a sì kọ ohun tí a bá rí sínú ìwé. Bí ọdún bá yí po, abúlé náà yóò mọ̀ bóyá omi òun ń sàn tàbí ó ń bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu tàn án jẹ.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn tí ó mọ dáàmù Ẹlẹ́yẹlé da omi síwájú ní ọdún 1942, àwọn tí wọn kò mọ̀ sì ń mu ún. Àwọn tí ó ń gbé lórí hẹ́kítà 30,000 náà lónìí ni ó kù tí yóò sọ bóyá àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò bá omi níbẹ̀, tàbí ẹrẹ̀.